Omi Tí Wọ́n Ní Ó Kọ Zoulfath

Mo wà lórí àga, mo ń tú ẹ̀rọ amómigbóná àtijọ́ kúrò lára ògiri ilé ìwẹ̀ Hadja Maïmounatou, nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè. Ó ti pẹ́ jù lábẹ́ ahọ́n mi. Mo ti sọ ọ́ nínú ilé, mo sì ti sọ ọ́ níwájú mọ́sáláṣí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ní Tchaourou níbí àti lọ́nà Kika, àwọn kan ṣì ń sọ pé omi kọ ìyàwó Hakim, ọmọ Hadja, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Omi kò kọ ẹnikẹ́ni. Èmi Yacoub tí ẹ máa ń pè wá tún iná ṣe, èmi ni mo ṣe é. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí dòní, ibì kan wà nínú rẹ̀ tí kò yé èmi fúnra mi.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ iná. Rédíò bàbá mi ni mo kọ́kọ́ tú palẹ̀, mo jẹgba, mo tò ó padà, ó sì sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni inú mi ti máa ń dùn bí mo bá rí ọ̀nà tí nǹkan ń gbà ṣiṣẹ́. Èmi àti olóògbé Tonton Salifou, ọkọ Hadja, la jọ gbé ẹ̀rọ yẹn kọ́ sára ògiri. Àgbá funfun kan ni, irin kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń mú gbóná, òun náà á sì mú omi gbóná. Tonton kò fẹ́ kí ìyàwó òun máa fi omi tútù ṣe àlùwàlá nígbà ọyẹ́, nítorí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ máa ń dùn ún.

Kò pẹ́ tí Tonton kú tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í já nílé náà láràárọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri tó jẹ́ pé bí iná bá ń jò síbi tí kò yẹ, òun ló máa já a kó tó ṣe èèyàn léṣe. Mo tú àgbá náà wò. Èépá omi kànga ti bo irin inú rẹ̀, ara irin náà sì ti là. Kò sí irú rẹ̀ nítòsí. Mo ní n óò wá a lọ sí Parakou. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ mú, Hadja sì ń retí omi gbígbóná. Mo mú wáyà kan, mo fi gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ajáná náà kọjá, kó má lè já iná mọ́. Mo ní títí di ọjọ́ ọjà ni. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ara mi ni mo sì pa á fún.

Kí ọjà tó pé, Hadja ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a nílé ìwẹ̀, ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀ tí kì í bọ́ níbẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ omi, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ní bí ọwọ́ òun bá ti kan omi, nǹkan kan á máa rìn nínú rẹ̀ bí eèrà, ìrora á sì lọ.

Ó ní, “Yacoub, Bàbá Hakim ni. Ó ń di ọwọ́ mi mú.”

Mo mọ ohun tó jẹ́. Iná ló ń jò sínú omi. Rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ráyè gba ara rẹ̀ wọlẹ̀, ìyẹn ni kò fi ju ìrìn eèrà lọ. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni n óò ṣe sọ ọ́ kí n má sọ ohun tí mo ṣe? Opó tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìsìnkú sì ń rẹ́rìn-ín lójú mi. Mo ní, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Hadja.” Ó ṣàdúrà fún mi títí ojú fi tì mí. Ohun tó wá dà mí rú ni pé ọwọ́ rẹ̀ sàn lóòótọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu fúnra rẹ̀. Ṣé iná ni, ṣé ìrètí ni? Mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Hakim gbé Zoulfath níyàwó, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Kika. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, ẹ̀kọ́ ọ̀hún ló sì kó bá a. Nílé wọn, ìyàwó kì í wọ bàtà wọ ibi tí ìyá ọkọ ti ń wẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ńtì tútù, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi. Igbe rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Iná ti gbé e lu ògiri. Hadja ń wò ó. Àbúrò Hadja, Kafilatou, ló ní kó tún lọ fọwọ́ kàn án lójú àwọn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó tún bọ́ bàtà. Iná tún gbé e.

Kafilatou ní, “Hadja ń wẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Omi mọ ẹni tó ń wọlé.”

Hakim pè mí wá. Ó bi mí lójú gbogbo wọn pé, “Tonton Yacoub, ṣé nǹkan kan ń ṣe ẹ̀rọ yìí? Ṣé ká yọ ọ́, ká gbé ti gáàsì síbẹ̀?”

Zoulfath jókòó lórí ẹní, ó fi ìborí gbé apá kọ́rùn, ó ń wo ẹnu mi. Mo wo bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sì yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ náà, wọ́n á rí wáyà mi. Mo ní kò sí ohun tó ń ṣe é. Mo ní gáàsì lè tán nígbà tí ọṣẹ bá wà lójú èèyàn, pé iná rẹ̀ máa ń jẹ afẹ́fẹ́ inú yàrá, pé ìgò rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ wọ́n ni irọ́. Zoulfath gbé ojú kúrò lẹ́nu mi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti padà sí Kika.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò yọ́ lọ tún un ṣe. Bí mo bá tún un ṣe, ọwọ́ tó ń di Hadja mú á fi í sílẹ̀, Hadja á sì bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn, tí mo ń rò ó lọ, tí mo ń rò ó bọ̀, bí ẹni tó wọ igbó kìjikìji tí kò mọ ojú ọ̀nà mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàtà rọ́bà Hadja já. Ó fi ẹsẹ̀ lásán wọlé. Wọ́n bá a nílẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní kí gbogbo èèyàn jáde.

Ó ní, “Yacoub, kí ni mo ṣe fún Bàbá Hakim? Ó ti kọ èmi náà. Ìwọ lo máa ń bá a jókòó. Kí ló sọ fún ọ nípa mi?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún mi, àwọn àríyànjiyàn ọjọ́ èwe, oúnjẹ tó fi ìbínú gbé kalẹ̀. Ìyá arúgbó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, ẹlẹ́ṣẹ̀ jókòó tì í, ó ń mu omi rẹ̀. Mo gbé omi náà kalẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí irin tó là títí dé orí bàtà.

Ó ní, “Ta ló wá ń di ọwọ́ mi mú láti ọjọ́ yìí?”

“Iná ni, Hadja.”

“Iná nìkan?”

Èmi tí mo mọ bí gbogbo nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò.

Mo sọ ọ́ fún Hakim náà, èmi àti rẹ̀ sì lọ sí Kika. Zoulfath gbọ́ mi tán, kò bú mi. Ó kàn béèrè bóyá, ká ní òun ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ tó wọ bàtà wọlé, omi ì bá gba òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà dùn mí ju èébú lọ. Ó ní òun á padà lọ́jọ́ tí gbogbo ẹni tó gbọ́ pé omi kọ òun bá gbọ́ ẹni tó ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ iná, ẹ̀rọ tó ń já iná kò ya alágídí, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Mo pa á lẹ́nu mọ́, ara obìnrin aláìṣẹ̀ ló wá gba ọ̀rọ̀ náà. Zoulfath, ẹ̀yin òbí rẹ̀, Hadja, bí ọkàn yín bá lè gbà á, ẹ foríjì mí.

Mo gbé ẹ̀rọ gáàsì náà kọ́ sí ìta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, mo gba inú ògiri fa ọ̀pá omi wọlé. Mo yọ wáyà mi, mo fi ẹ̀rọ ajáná tuntun síbẹ̀. Nígbà tí mo tan án, iná rẹ̀ tò bí eyín tí wọ́n fi aró kùn, omi sì gbóná kíá. Hadja na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ pẹ́. “Ó gbóná,” ló wí, ó sì nu ọwọ́. Ìrora oríkèé rẹ̀ ti padà dé. Bí mo bá kí i báyìí, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣàdúrà fún mi mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀kadà zémidjan gbé Zoulfath dé. Ó rìn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bọ́ bàtà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Hadja wúkọ́ níbi tó jókòó sí.

Ó ní, “Wọ̀ ọ́ wọlé.”

Zoulfath nà ró. Ó wọlé tòun ti bàtà, ó ti ilẹ̀kùn. Àwa tá a wà lágbàlá gbọ́ omi tó ń dà, tó ń dà, a sì ń fetí sílẹ̀, títí ó fi dá, tí a kò gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni.