Wọ́n Fẹ́ La Orúnkún Dúródemí

Aúsù bílàhì! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì ní kí n jókòó! Ta ní ń jókòó nígbà tí ọkọ tí ẹ fi mí fún wọ́ ajá mi lọ bá òyìnbó pé kó fi ọ̀bẹ la orúnkún rẹ̀? Dúródemí o, tí mo fi ẹ̀kọ tọ́ dàgbà, tó ń ṣọ́ àgùntàn wa! Ẹ ní kí n rọra? Mo ń rọra náà nìyí!

Ṣé ìkookò ló wọ ọgbà àgùntàn, Dúródemí lé e, ó fo ògiri, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn balẹ̀ ní ìdàkudà, ó han gooro. Láti ìgbà náà ló ti ń ká ẹsẹ̀ kan sókè rìn. Bàbá Sàlíhù tó ń to eegun fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní eegun kò kán, iṣan tó so orúnkún pọ̀ nínú ló já, ó dì í, ó ní kó máa sinmi. Ó dáa, àbí kò dáa?

Àfi bí Bàbá Binta, ọkọ mi yìí, ṣe ti ibi tó ti ń gé koríko fún ẹṣin àwọn sọ́jà dé, tó ní òyìnbó tó ń wo ẹṣin wọn sàn lè la orúnkún náà, kó sì fi okùn sílíkì rán iṣan rẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́! Òyìnbó tí kì í fún wa ní nǹkan lásán, kí ló rí lára ajá mi? Mo ní, “Bàbá Binta, ṣé ó ti ṣe é fún ajá rí?” Ó ń wolẹ̀. Ó ní, “Òyìnbó mọ ohun tó ń ṣe.” Ṣé ìdáhùn nìyẹn? Ó tún bi mí bóyá Dúródemí ti bímọ rí. Kí ló kàn án nínú ọmọ ajá?

Mo ní rárá, n kò fẹ́. Mo lọ Ọjà-Ọba láàárọ̀ yìí, mo dé, okùn lásán ni mo bá nídìí igi! Mo sáré dé ilé ẹṣin wọn. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fá irun orúnkún rẹ̀! Ó rí mi, ó ń sunkún bí ọmọ. Mo bi ògbufọ̀ wọn pé bí wọ́n bá là á tán ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ò gbọ́ ni? Bó bá sàn, ọ̀dọ̀ òyìnbó ni yóò máa gbé, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa bímọ. Ọkọ yín ti fi í ta á lọ́rẹ.” Wàláhì! Ó ní nítorí kí wọ́n lè fi í jẹ olórí àwọn agékoríko ni!

Mo tú u. Mo pọ̀n ọ́n! Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ìró pọ̀n ọ́n kọjá láàárín ọjà. Ẹnì kan ní, “Ìyá Binta, ọjọ́ wo la ó sọ ọ́ lórúkọ?”

Òyìnbó àti ògbufọ̀ rẹ̀ gun ẹṣin tẹ̀lé mi délé. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo bi òyìnbó ní ohun tí mo bi ọkọ mi. Ó ṣí fìlà, ó ní òun kò là á fún ajá rí. Ó lè sàn, ó lè kú. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọkọ mi ló ni ín. Mo ní èmi ni. Ó ní bí n kò bá fẹ́, ó ti parí. Ẹ wò ó! Àlejò sọ òótọ́, ọkọ mi purọ́!

Kí lẹ wí? Pé wọn yóò fún un ní oògùn oorun, kò ní mọ̀ ọ́n lára? Ẹ dúró ná. Ta ló sọ̀rọ̀ oògùn oorun fún yín? N kò dárúkọ rẹ̀ o! Háà! Ẹ̀gbọ́n! Bàbá Binta ló rán yín! Ẹ̀yin, ọmọ ìyá mi! Ẹ má bo ojú.

Ó dáa, ẹ padà lọ jíṣẹ́. Ọ̀bẹ kankan kò ní kan ajá mi. Kó máa sinmi, bó bá sì di pé yóò máa tiro, kó máa tiro nílé mi. Bàbá Binta ni yóò máa sùn nínú ọgbà àgùntàn báyìí. Ẹ sọ fún un kó tètè kọ́ bí wọ́n ti ń gbó! Háháà! Kó gbó o, ẹ̀gbọ́n, kó gbó kí gbogbo àdúgbò gbọ́!