Àbẹ́là Tó Kù

Nínú mọ́tò tó ń lọ sí Elegbeka ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ìyá àgbà kan àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

"Màmá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń tan àbẹ́là Ádífẹ́ǹtì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì! Ẹ wá tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́!"

"Ayọ̀ ló ń pa mí bí ọtí! Jésù ń bọ̀, kí n wá máa ṣahun àbẹ́là?"

"Èwo lẹ máa wá tàn lọ́sẹ̀ yìí?"

"Àbúrò mi tó wà ní Elegbeka! Látìgbà tí a ti pín oko kòkó bàbá wa la ò ti kí ara wa mọ́. Òun ni àbẹ́là tí mi ò tíì tàn."

"Bí kò bá dá yín lóhùn ńkọ́?"

"Màá tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí lo rò pé wọ́n ṣe fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?"