Orin Tó Ń Gòkè

Nínú mọ́tò tó gbé wa láti Ìlaròó lọ sí Ayétòrò, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan jókòó tì mí. Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Japan dé fún ìsinmi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti sú ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀rọ karaókè tí ẹ máa ń kọrin sí yẹn tún fún ẹ ní máàkì tó kéré jù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ wa fi mí rẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé tó ò mú orin tó rọrùn? Ṣé àwọn ará Japan ò lórin tí kì í yára, tí kì í lọ sókè ni?"

"Wọ́n ní in. Orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni gbogbo wọn ń mú, wọ́n sì ń gba máàkì gidi."

"Ìwọ náà mú un! Ohùn ẹ ò gbòkè láti kékeré. Agídí wo nìyí?"

"Màmá arúgbó tí mò ń tọ́jú níbẹ̀ ló kọ́ mi lórin tó ń gòkè tí mò ń mú yẹn. Bí mo bá ń wẹ̀ fún wọn, a jọ máa ń kọ ọ́ ni. Wọ́n ti kú. Tí mo bá ti dé ibi tó ti ń gòkè, ẹkún á dé."

Ẹ̀gbọ́n pòṣé. "Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ò ń sunkún. Ó kàn máa ní o ṣì í kọ ni."

Gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò létí mi.

"Ó yá, kọ ọ́ kí n gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Àbúrò kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ já nígbà tó dókè. Ẹ̀gbọ́n tún pòṣé.

"Tún un kọ. Kọ́ mi lọ́rọ̀ ẹ̀, kí n bá ẹ gbé ibi tó ga yẹn."