Ẹ̀rọ Àwòrán Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Mọ́tò tó ń lọ sí Ìkọ̀yà kò tíì kún ní gáréèjì Òkìtìpupa nígbà tí mo gbọ́ tí tíṣà ọ̀dọ́bìnrin kan ń bá màmá tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

"Màmá, wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ kékeré kan nílé ìwé. Láìsí wáyà, á gbé àwòrán orí fóònù mi sára ògiri. Ọjọ́ kan péré ni mo lò ó. Mo fi ọkàn èèyàn hàn àwọn ọmọ kíláàsì mi, bó ṣe ń lù kì, kì, kì. Gbogbo wọn gbọ́wọ́ lé àyà, wọ́n ń wá tiwọn."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ọ̀gá wa tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kó má baà bàjẹ́."

"Ó kúkú dáa kó má bàjẹ́, ọmọ mi."

"Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí kò bàjẹ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń túfọ̀.

"Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń ya ọkàn báyìí. Lánàá, ọmọbìnrin kan bi mí pé, 'Àǹtí, ṣé ọkàn yẹn ṣì ń lù nínú kọ́bọ́ọ̀dù?'"

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní kó jókòó."