Mo Pe Ìyá Ọmọ Mi Ní Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹrù kan wà láyà mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ nílé mi, èmi ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Ìyàwó yẹn kì í ṣe àbúrò mi. Òun ló bí ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní láyé.

Aṣọ́lé ni mí nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ìlaró. Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, "Bọ́dà" ni àwọn alátìlẹ́yìn wa sọ mí, wọ́n ní nǹkan kan ò lè gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Orúkọ náà dùn mọ́ mi. Mo ti ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Olùkọ́ ni ìyàwó mi, bàbá rẹ̀ sì ni pásítọ̀ wa. A ò tíì rí ọmọ bí.

Ṣùgbọ́n kí n tó mọ ìyàwó mi ni mo ti mọ Ìyábọ̀. Ọmọ Kétu ni, lódìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Bọ́ọ̀lù la lọ gbá ní Ìwòyè-Kétu, ó ń ta omi tútù létí pápá. Ó lóyún fún mi, ó bí Mọ́rẹ̀nikẹ́. Mo máa ń yọ́ lọ wò wọ́n. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ọjọ́ tí wọ́n ti bọ́dà, ẹ̀gbẹ́ ìhín ni Ìyábọ̀ wà, ó wá ra ọjà. Kò rí ọ̀nà padà. Ó gbé ọmọ wá bá mi ní pápá tí a ti ń ṣe ìdánrawò. Ọmọ sáré wọ inú pápá, ó ń pariwo "Papá! Papá!" Gbogbo ènìyàn yíjú sí mi. Ẹ̀rín ni mo bú sí. Mo ní ṣé wọn ò mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń pe gbogbo àgbà ọkùnrin lọ́hùn-ún ni?

Ẹnì kan ti ya fọ́tò. Kí oòrùn tó rọ̀, ó ti wà lórí fóònù gbogbo ìlú. "Góòlù ti wọ Bọ́dà o!" ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa pè mí. Ó ní bí àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ṣe ń ṣe é ni kí n ṣe é, kí n sọ gbólóhùn kan, kí n má sọ ìkejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bi mí pé ta ni obìnrin náà. Mo ní, "Àbúrò mi ni. Bọ́dà ló há a mọ́bí."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò jókòó gbèrò rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ẹni tí a ò lè pè ní àbúrò nílẹ̀ wa. Wọ́n mọ̀ pé apá Kétu ni ìyá mi ti wá, ó sì ti kú. Kò sí ẹni tó lè kọjá lọ béèrè. Àṣé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìlú gbà mí gbọ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn ní irú agbábọ́ọ̀lù tó mọyì ẹbí ló yẹ kí a ní. Àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń gbé gàrí àti aṣọ ọmọ wá. Ìyàwó mi sunkún, ó tọrọ àforíjì pé òun fura sí mi. Òun fúnra rẹ̀ ló kó wọn sí yàrá kejì nílé wa. Ó ń di irun Mọ́rẹ̀nikẹ́, ó ń kọ́ ọ ní a, b, d. Èmi náà ń kọ́ ọ pé kó yéé pè mí ní Papá, "Bọ̀ọ́dá" ni kó máa pè mí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí pé ó tètè mọ̀ ọ́n.

Ìyábọ̀ ò jà. Kò ní ibòmíràn tí yóò sùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ rédíò yẹn, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ́dá" nìkan ló kù tó ń bá mi sọ.

Kóòṣì wa, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé wa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń bá wá. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. Ẹni tó jù mí lọ dáadáa, tó máa ń fi fèrè lé mi yí pápá ká! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí òdòdó kan nínú ọgbà yín." Ìyàwó mi hó yèè. Mo ní mo gbà.

Ó tún tọrọ ìkejì. Ó ní òun bi Ìyábọ̀ léèrè bàbá ọmọ, Ìyábọ̀ sì ní ó wà láàyè ṣùgbọ́n kò wúlò. Ó ní kí n jẹ́ kí Mọ́rẹ̀nikẹ́ máa jẹ́ orúkọ òun. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Mo lọ bá Ìyábọ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń sá aṣọ. Mo ní mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Ó ní, "Nígbà tí ọmọ ń pè ọ́ ní Papá níwájú gbogbo ayé, kí lo wí? Ọkùnrin yìí fẹ́ wa. Jọ̀ọ́, má ba tèmi jẹ́."

Wọ́n ti ń ṣí bọ́dà díẹ̀díẹ̀. Bàbá Ìyábọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, bàbá náà sì mọ̀ mí. Ìyábọ̀ ní òun ti bẹ̀ ẹ́, kò ní í sọ nǹkan kan. Èmi nìkan ló kù. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti fọ́ ilé mẹ́ta, tèmi, ti kóòṣì àti ti pásítọ̀ àna mi, ìyá ọmọ mi ni yóò sì kọ́kọ́ gégùn-ún fún mi. Bí mo bá dákẹ́, mi ò ní ọmọ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Mo ti gbé tèmi pọ̀n fún ẹlòmíràn, ẹ̀yìn mi ò sì fúyẹ́.

Lánàá, ìyàwó mi ń fi bébà bo àwọn ìwé tuntun Mọ́rẹ̀nikẹ́. Ó ní kí n bá òun kọ orúkọ rẹ̀ síwájú ìwé. Mo ní bírò náà ti gbẹ. Ó dìde, ó lọ mú òmíràn wá, ó fi sí mi lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn, orúkọ ta ni kí n kọ?