Nítorí Káàdì Ọjọ́ Sátidé, Mo Purọ́ Mọ́ Ìyá Kan

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ ó bú mi. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún àlùfáà, n kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Tíṣà ni mí ní Kàbà. Mo ti yí orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ọ̀rẹ́ mi tí mo ṣẹ̀ ti padà dé. Akàwé ni, wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn láti ọjọ́ yìí wá. Ó wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ó yẹ ká tún bẹ̀rẹ̀ káàdì wa. Ìwọ ni onílé. Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ni ká máa ṣe é?"

Mo ní mo máa rò ó. Láti ìgbà náà n kò lè jókòó lójú kan. Bí mo bá gbé oúnjẹ, mo máa ń dìde kí n tó jẹ ẹ́ tán. Ní kíláàsì, mo kọ ìṣirò kan náà sára pátákó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ ń wo ara wọn.

Ọkùnrin kan tó ti ogun Bọ́mà dé ló kọ́ wa ní káàdì tí wọ́n ń pè ní póokà. Kọ́púrà là ń pè é, ó ń wa ọkọ̀. Àwa mẹ́rin la máa ń ta á: Kọ́púrà, wòléwòlé kan, Jósẹ́fù akàwé tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àti èmi. Ilé mi la máa ń ṣe é. Ọmọ ìjọ ni wá, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a ń ta tẹ́tẹ́, nítorí náà kóró kọfí la fi ń ta á dípò owó. Ẹni tí kóró rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ni yóò wá kọ ogún ebè sí oko ẹni tó jẹ. Wòléwòlé kọ ebè lóko mi títí àwọn ará àdúgbò fi rò pé mo gba lébìrà.

Nínú póokà, ẹni tó bá lè pa ojú mọ́, tí ojú rẹ̀ kò sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ayé gbè. Jósẹ́fù kò lè ṣe é rárá. Bí káàdì rẹ̀ bá dára, etí rẹ̀ á máa gbọ̀n. Èmi mọ̀ ọ́n ṣe. Bí mo bá ní káàdì burúkú lọ́wọ́, ìyá tó bí mi kò lè mọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kálukú ní oko, kálukú ní ẹbí. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìyámoyè nígbà yẹn, ó ní òun fẹ́ lọ sinmi, ìsinmi náà di oṣù mẹ́fà. A kò tíì bímọ. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo ń wá àwíjàre. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí ilé náà ṣe rí ní ọ̀sán Sátidé, tí kò sí ilé-ìwé, tí mo ń gbọ́ bí adìyẹ ilé kejì ṣe ń tan ilẹ̀.

Mo ní ká sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Wọ́n gbà. Kò pẹ́ tí mo tún ní ká máa ṣe é ní gbogbo Sátidé. Kọ́púrà ní, "Tíṣà, oyin pàápàá, bí a bá ń lá a lójoojúmọ́, á súni." Mo fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń lọ láti ilé dé ilé rán wọn létí, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun kò ní lè wá, mo máa ń bínú bí ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń gún iyán dè wọ́n. Mo gún iyán fún àwọn ọkùnrin mẹ́ta kí wọ́n má bàa fi mí sílẹ̀.

Jósẹ́fù nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún. Ọmọ Òkè-Bùkún ni. Bàbá rẹ̀ ti darúgbó. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ìyàwó kékeré bàbá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Iye la ń pe ìyá ní ilẹ̀ wa. Iye Dúpẹ́ ni a máa ń pe obìnrin náà. Aláṣọ òfì ni, ó máa ń kó aṣọ tó bá hun wá sí ọjà Kàbà. Ọjọ́ ọjà nìkan ni ọkọ̀ Òkè-Bùkún máa ń wá, ọjọ́ ọjà kì í sì í bọ́ sí Sátidé ju bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Sátidé yẹn ni Jósẹ́fù máa ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí ọkọ̀, tí yóò bá Iye Dúpẹ́ lọ sílé, tí yóò wo bàbá rẹ̀, tí yóò sì gun kẹ̀kẹ́ padà ní ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí mo sọ káàdì di gbogbo Sátidé, mo gba èyí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ráhùn. Mo ní, "Ṣebí ẹ̀gbẹ́ ọjà ni ilé-ìwé mi wà? Èmi ni n ó máa bá ọ béèrè Baba lọ́wọ́ Iye. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá le, n ó sọ fún ọ, wà á ju káàdì sílẹ̀, wà á lọ." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé ó dúpẹ́.

Baba fẹ́ràn aṣáà. Iye Dúpẹ́ máa ń mú àdó aṣáà rẹ̀ wá sọ́jà, èmi á rà á kún lọ́wọ́ àwọn Tápà, á gbé e padà lọ. Bí àdó bá ti ṣófo, a mọ̀ pé ara Baba le. Oṣù méjì ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí láìpurọ́.

Sátidé tí mo ń sọ yìí, wòléwòlé ti ní òun yóò mú ọ̀gá òun láti Lọ́kọ́jà wá wo káàdì wa. Mo ti pa adìyẹ. Mo ti yá àga. Inú mi dùn bí ọmọdé tí wọ́n rán aṣọ ọdún fún.

Mo dé ọjà ní ọ̀sán. Iye Dúpẹ́ ti di ẹrù rẹ̀, kò sì tíì tà á dé ìdajì. Ó fi àdó lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo.

Ó kí mi bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa, ó ní, "Okun o, Tíṣà. Baba kò fọwọ́ kan aṣáà láti ọjà méjì. Jósẹ́fù ló ń pè. Mú àdó yìí lọ kó fojú ara rẹ̀ rí i, kó wá wọ ọkọ̀. Èmi ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ kó dúró. Bí mo bá kúrò níbí, á lọ."

Mo ní, "Ó dáa, Iye."

Mo fẹ́ sọ pé n kò mọ ìgbà tí mo da aṣáà náà nù. Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo dà á sínú koríko, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Jósẹ́fù wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání wá, bóyá wọn á pè é. Ó ní, "Baba ńkọ́?" Mo dorí àdó kodò níwájú rẹ̀. Mo ní, "Wò ó, ó ti fín in tán. Wọ́n ní ká tún rà sí i." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó bọ́ bàtà.

Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti ọ̀nà ọjà. Dírẹ́bà fun ún, ó sinmi, ó tún fun ún. Jósẹ́fù ní, "Kí ló ṣe ọkùnrin yìí lónìí?"

Mo pín káàdì.

Baba kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Jósẹ́fù kò rí i. Wọ́n ní ó pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá máa ń sọ fún àkọ́bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kó tó lọ, nípa ilẹ̀, nípa àbúrò, nípa ohun tí ẹnìkan mìíràn kì í gbọ́. Jósẹ́fù kò gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí èmi náà bá Jósẹ́fù lọ, ẹbí jókòó. Àbúrò Baba béèrè ìdí tí wọn kò fi pe àkọ́bí. Iye Dúpẹ́ ní, "Mo rán Tíṣà. Mo fi àdó rán an." Jósẹ́fù dìde pẹ̀lú ìbínú, ó ní, "Àdó tó ṣófo ni mo rí! Ojú mi ni mo fi rí i!" Ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí rèé. Mo lè sọ òtítọ́ níbẹ̀. Bàbá náà ti kú, ṣùgbọ́n a kò tíì ba ti obìnrin náà jẹ́. Gbólóhùn kan péré ló kù. Tíṣà ni mí, èmi ni mo máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò ní pa mí. Mo pa ojú mọ́ bí mo ti máa ń ṣe nídìí káàdì. Mo ní, "Àdó tí wọ́n fún mi ṣófo. Wọn kò rán mi níṣẹ́ kankan."

Iye Dúpẹ́ wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ìwọ?"

Wọ́n ní ó fi àìsàn Baba pamọ́ kí oko kọfí lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ní bóyá òun gan-an ló mọ ohun tó pa á. Wọn kò jẹ́ kó ṣe opó. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará ilẹ̀ wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: kí obìnrin lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé ọkọ, kí wọ́n lé e kúrò nídìí òkú ọkọ rẹ̀ bí olè. Ó gbé ẹrù kan sórí, ó lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkòyí ti ilẹ̀ wa níhìn-ín. Òfì rẹ̀ wà nílẹ̀ ní ilé ọkọ, aṣọ tí kò tíì hun tán wà lára rẹ̀. Jósẹ́fù tó pọ̀n dàgbà kò sìn ín dé ojú ọ̀nà.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Jósẹ́fù dì mọ́ mi. Ó ní bí kì í bá ṣe tèmi, òun kì bá tí mọ irú ènìyàn tí obìnrin náà jẹ́.

N kò tún pe ẹnikẹ́ni wá ta káàdì mọ́. Mo ní òjò ni, mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni, títí wọ́n fi gbé Jósẹ́fù lọ. Ìyàwó mi padà dé. A ti bí ọmọkùnrin kan. Nígbà mìíràn bó bá ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń jáde síta.

Oṣù tó kọjá, wọ́n rán mi lọ sí Ìkòyí fún ìdánwò àwọn ọmọ. Òùngbẹ gbẹ mí, mo yà sí ilé kan láti tọrọ omi. Iye Dúpẹ́ ló gbé e jáde. Ó ti rù. Mo fẹ́ sá, ṣùgbọ́n igbá omi ti wà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Okun o, Tíṣà." Mo dá a lóhùn. Ó wá ní, "Jósẹ́fù ńkọ́? Ó ti bímọ?"

Mo ní ó ti bí méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan.

Ó ní, "Èmi ni ǹ bá pọ̀n wọ́n." Ó gba igbá lọ́wọ́ mi, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi, bóyá mo lè sùn.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé kí n pe Jósẹ́fù sí kọ̀rọ̀ kí n jẹ́wọ́ fún òun nìkan? Àbí kí n lọ sí Òkè-Bùkún, kí n dúró láàrin ẹbí, níbi tí mo ti purọ́ mọ́ obìnrin náà, kí n sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, kí n sì fẹsẹ̀ ara mi lọ mú Iye Dúpẹ́ wálé? Bí mo bá ṣe èkejì, mo lè pàdánù iṣẹ́, mo sì mọ̀ pé n ó pàdánù ọ̀rẹ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sùúrù dá mi lóhùn. Mo mọ èyí tó yẹ kí n ṣe nínú méjèèjì. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́rin. Ọ̀sán òní tó jẹ́ ọjọ́ ọjà pàápàá, mo wọ bàtà, mo dé ìdí ọkọ̀ Òkè-Bùkún, mo bá dírẹ́bà dúnàádúrà, ó ní kí n wọlé, mo sì padà sílé wá kọ ìwé yìí sí yín.