Wọ́n Ní Kí Aránbàtà Má Wọlé Mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé òòyà yẹn sílẹ̀, irun kọ́ ni mo bá wá lónìí! Mo ní mi ò jókòó! Ẹ jẹ́ kó rí wúruwùru bẹ́ẹ̀, kí àwọn òbí rí mi lọ́la kí wọ́n ní olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ti ya wèrè, ṣebí wọ́n ti sọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹni tó sàn jù mí lọ. Ẹ nawọ́! Ẹ̀yin, ọmọ ìyá mi! Ẹ jókòó sórí àga ẹ̀yìn nínú ìpàdé òbí, ẹ rò pé mi ò rí yín. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí aránbàtà má wọlé mọ́ nawọ́ sókè, ẹ wọ̀tún, ẹ wòsì, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ yín lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí apá ń ro. Mo rí i. Ojú mi báyìí ni.

Kí lẹ wí? Gbogbo èèyàn ló nawọ́? Háà! Ẹ gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu àgbàlagbà jáde! Tí gbogbo èèyàn bá kó sínú kànga, ẹ̀yin náà á ká aṣọ sókè kẹ́ ẹ tó bẹ́ tẹ̀lé wọn, àbí?

Rárá, ẹ ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, ìgbà tí mo pe ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ ní oníbàárà ń dúró dè yín. Mo dìde níwájú wọn lọ́jọ́ náà. Mo ní ẹ̀yin òbí wa, mo bẹ̀ yín, iṣẹ́ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Mo ní ẹ máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Bó bá bi yín pé kí nìyí, ẹ má sọ fún un pé kó panu mọ́. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ de bọ́tìnnì rẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́, bó tilẹ̀ ṣi ihò mú. Kó tó sùn, ẹ ṣí ìwé aláwòrán síwájú rẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó rí. Bẹ́ ẹ bá sì ráyè láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ yà sí kíláàsì wa, kí àwọn ọmọ rí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ṣé mo ní kí wọ́n lọ gbé òkè wá ni?

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Áà, pàtẹ́wọ́ wọn dùn! Wọ́n ń mi orí bí alángbá. Ẹ̀gbọ́n mi, mo dúró dè wọ́n títí ojú mi ń pọ́n. Èyí ní ọ̀gá òun ò ní jẹ́ kóun jáde. Èyí ní òun ti gbàgbé. Bàbá kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, tá a bá wá kọ́ wọn fúnra wa, kí ni ìwọ ń ṣe níbẹ̀?"

Ẹnìkan ṣoṣo ló wá.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣojú báyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, sálúbàtà tó wà lẹ́sẹ̀ yín yìí, ta ló rán an? Aránbàtà tó ń jókòó sí abẹ́ páànù ní igun òpópó, bàbá ọmọ tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè ní Odi kí n tó fòfin dè é. Ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀. Ọdún tí ìyá rẹ̀ kú ni ọ̀rọ̀ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Nílé, ó máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí etí bàbá rẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, kò sí nǹkan kan. Mo kọrin, mo jó, mo ṣe bí ewúrẹ́, mo ṣe bí ọkọ̀, ó kàn ń wò mí ni. Tó bá fẹ́ lọ tọ̀, á fa aṣọ mi.

Bàbá rẹ̀ wá bá mi ní géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ní, "Olùkọ́, ẹ dákun, ẹ ní káwa òbí wá. Mi ò kàwé o. Kí ni n óò wá ṣe níwájú àwọn ọmọ?"

Mo ní, "Ẹ kó bàtà wá."

Ó ní, "Bàtà kẹ̀?"

Mo ní, "Bàtà."

Kì í ṣe pé ó gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ o! Kì í ṣe pé ó mọ nǹkan kan tí a ò mọ̀. Ó wá ni! Ohun tó fi ju gbogbo yín lọ kò ju ìyẹn náà lọ: ó wá! Ó jókòó sórí àga kékeré, orúnkún rẹ̀ ga dé àgbọ̀n, òógùn bò ó bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ó da àpò bàtà àlòkù sílẹ̀, ẹyọ ẹyọ, ó ti nu gbogbo wọn, wọ́n ń dán gbinrin. Mo ní kí àwọn ọmọ wá ìkejì bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo eré! Èyí mú ti ọ̀tún, èyí mú ti òsì, wọ́n to èyí tó kéré ṣáájú èyí tó tóbi, wọ́n ń ki okùn bọ ihò, wọ́n ń kà á bí wọ́n ṣe ń kì í. Ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ yín gan-an! Ọmọ yín tẹ́ ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ le, ta lẹ rò pé ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn bàtà? Èmi? Ẹ̀yin?

Bó ṣe di pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń wá nìyẹn. Á ti abẹ́ páànù rẹ̀ pa, á wá.

Mo wá dá eré mìíràn sílẹ̀. Màá na bàtà kan sókè, màá ní, "Ta ló ni ín? Ibo ló ti ń bọ̀?" Àwọn ọmọ á máa pa ìtàn rẹ̀: bàtà sójà ni, bàtà òmìrán ni, ó lọ sínú òṣùpá. Lọ́jọ́ kan mo na bàtà obìnrin kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kán. Gbogbo wọn ń wò ó, wọ́n ń ronú. Ni mo bá gbọ́ ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí, ó tín-ín-rín bí òwú, ó ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó fẹ́ délé."

Ẹ̀gbọ́n mi, Odi ni! Ọmọ yẹn ni! Bàbá rẹ̀ di àga tó wà nídìí rẹ̀ mú bí ẹni pé ilẹ̀ ń mì. Èmi kọjú sí pátákó ìkọ̀wé, mò ń nu ibi tí kò sí nǹkan, torí kí àwọn ọmọ má baà rí ojú mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ̀rọ̀, ẹyọ kan, ẹyọ méjì. Ó ń sọ "omi". Ó ń sọ "tèmi ni". Ọjọ́ tó bá ọmọ yín jà lórí búlọ́ọ̀kù, tó pariwo mọ́ ọn, inú mi dùn débi pé mi ò lè bá wọn wí!

Ohun tí ẹ nawọ́ lé kúrò nìyẹn o.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Omi kọ́, mi ò mu omi.

Ṣé ẹ mọ ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀? Pólíṣì bàtà! Pólíṣì kan ìbọ̀sẹ̀ ọmọ Màmá Onígíláàsì, ọ̀rẹ́ yín yẹn, èyí tí kì í bọ́ gíláàsì dúdú kúrò lójú bó wà nínú yàrá. Oníbàárà yín ni, mo mọ̀! Ṣebí torí ẹ̀ náà ni! Ọmọ rẹ̀ délé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun máa di aránbàtà. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó ní òun máa di adìyẹ, kò sẹ́ni tó pèpàdé lórí ìyẹn! Àmọ́ lórí aránbàtà, wọ́n pèpàdé, wọ́n sì pé. Gbogbo àwọn tí ọ̀gá wọn ò jẹ́ kí wọ́n jáde, gbogbo àwọn tó gbàgbé, àga ò gbà wọ́n. Àwọn kan dúró síbi fèrèsé. Mo wo iye ẹni tó wà níbẹ̀, mo sì ń sọ nínú mi pé, "Ẹ ráyè!"

Màmá Onígíláàsì dìde. Kò pariwo o. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó ní òun ò ní nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni, pé iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Àmọ́ kí ni ọkùnrin tí kò níyàwó nílé ń wá láàárín àwọn ọmọ kéékèèké ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì? Ó ní, "Ẹ rò ó." Ó jókòó.

Ẹ rò ó! Ọ̀rọ̀ bíńtín tó pa odidi èèyàn! Kò fẹ̀sùn kàn án, kò sọ ohun tó rí, kò rí nǹkan kan! Kálukú wá ń rò ó. Mo dìde, mo ní mo wà níbẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rí, kódà fún ìṣẹ́jú kan, ojú mi ò kúrò lára wọn. Ọ̀gá iléèwé ní kí n jókòó, pé ìpàdé òbí nìyí, kì í ṣe ti olùkọ́. Mo wá wo ẹ̀yìn. Mò ń wá yín! Mò ń sọ nínú mi pé ẹ̀gbọ́n mi wà níbí, ó mọ ọkùnrin yìí, ó mọ̀ mí, ó máa sọ̀rọ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ẹ wá na ọwọ́ yín.

Wọ́n máa ń ní ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó dàgbà. Igba ojú náà rèé! Bàbá ọmọ ni wọ́n fi wò, wọ́n wò ó bí olè. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èwo ni ìka yìí ṣẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn! Ẹ má wo jígí, èmi ni kẹ́ ẹ wò!

Ta ni wọ́n rán sí i? Èmi náà ni! Ọ̀gá ní èmi tí mo pè é kí n lọ sọ fún un. Ọjọ́ Ẹtì, ó ń bọ̀ pẹ̀lú àpò bàtà rẹ̀ léjìká, ọmọ rẹ̀ di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Mo ní, bàbá, wọ́n ní… àwọn òbí ní… Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé mo ṣe nǹkan ni, Olùkọ́?" Mo ní rárá o. Ó ní, "Ó dáa." Ó gbé àpò náà lé mi lọ́wọ́ pé kí àwọn ọmọ máa fi ṣeré. Bó ti ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Ọmọ ń gbọ́ o! Ọmọ dúró síbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ itan. Ọ̀gá gba àpò lọ́wọ́ mi, ó jù ú sí ibi tí wọ́n ń sun pàǹtí.

Kò sọ "omi" mọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ mi.

Kí ni? Pé ó máa gbàgbé? Pé ọmọdé kì í pẹ́ gbàgbé? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín! Ẹ̀gbọ́n mi, ó kúkú ti lọ! Ìdí tí mo fi wà níwájú yín nìyẹn! Ó ti kọjá ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò fojú kan ọmọ náà, mo wá lọ sí igun òpópó lónìí. Abẹ́ páànù ti ṣófo. Kò ku ohunkóhun níbẹ̀ àfi àbàwọ́n pólíṣì lára ògiri. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti ìpàdé jáde dé àárín títì, àwọn tó ń gbé bàtà wá ò wá mọ́, ìyá kan tiẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kọjá sódì kejì bó ṣe rí i. Ó ní bàbá náà di ẹrù rẹ̀, ó mú ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n wọ ọkọ̀. Mo ní níbo? Ó ní kò sọ. Mo bi aláṣọ, mo bi onílé rẹ̀, mo bi àwọn tó ń wa ọkọ̀. Ilé ayé fẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ibo ni n óò ti bẹ̀rẹ̀? Ta ni ọmọ yẹn máa bá sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ń lọ? Olùkọ́ wo ló máa mọ̀ pé ó ti sọ̀rọ̀ rí?

Mi ò ní ṣépè. Ẹnu tí mo fi ń kọrin fún ọmọdé, mi ò ní fi ṣépè. Ẹ má bẹ̀ mí, èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ ò sí nítòsí tẹ́ ẹ máa bẹ̀.

Àmọ́ nǹkan kan ṣì kù. Èmi ni mo mú ọmọ yín bọ̀ láti iléèwé, ìta ló ti ń ṣeré. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kò ní wá mọ́? Kí ni bàbá rẹ̀ ṣe?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ta ló mọ̀? Mo ní, "Màmá rẹ wà níbi ìpàdé." Ẹ má pariwo mọ́ mi! Ṣé kí n purọ́ fún un ni? Ó ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń gbọ́ ọ. Ó ń wọlé bọ̀. Ẹ gbé ojú yín sókè, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá ọmọ lóhùn. Mo fẹ́ dúró kí n gbọ́ ọ.